Bí Ẹ Ṣe Lè Gbọ́ Hackney Diamonds Ti Rolling Stones Kó Yé Yín: Onílù Ni Kẹ́ Ẹ Tẹ̀ Lé

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ n tètè sọ ọ́ kí n tó gbàgbé: tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbọ́ àwo orin Hackney Diamonds yìí kó yé yín dénú, ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orin àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé ó máa ya àwọn kan lẹ́nu, torí àwo tí wọ́n fara balẹ̀ tò lẹ́sẹẹsẹ, ó yẹ kéèyàn gbọ́ ọ lẹ́sẹẹsẹ ni, èmi náà gbà bẹ́ẹ̀, a ṣì máa padà síbẹ̀. Àmọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́, orin keje ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ ìkẹjọ tẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ tó wá gba òkè lọ. Ìdí ẹ̀ ni pé onílù méjì ló lu ìlù nínú àwo yìí, ọ̀kan ti kú kí àwo náà tó jáde, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ọ̀kan fi ọ̀pá ìlù sílẹ̀ sí tí èkejì gbé e, ariwo gìtá lásán ló máa gbọ́.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo yín lẹ máa ń gbọ́ róòkì, torí náà ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ àwọn tó ni àwo. London ni Rolling Stones ti bẹ̀rẹ̀, alẹ́ ọjọ́ 12 oṣù Keje ọdún 1962 ni wọ́n kọ́kọ́ gun orí ìtàgé lórúkọ yẹn, ní Marquee Club ní Oxford Street. Mick Jagger ló ń kọrin, Keith Richards ló ń ta gìtá, ọmọ ìlú kan náà làwọn méjèèjì, Dartford ní Kent. Charlie Watts wọlé lóṣù Kìíní 1963, ìlù ló ń lù, kò sì kúrò nídìí ìlù yẹn títí ọlọ́jọ́ fi dé. Ronnie Wood, gìtá lòun náà ń ta, ọdún 1975 ló dara pọ̀ mọ́ wọn, tí wọ́n ṣì máa ń pè é ní ọmọ tuntun títí dòní. Lẹ́yìn A Bigger Bang tí wọ́n gbé jáde ní 2005, ọdún 18 gbáko ni wọn ò fi gbé àwo orin tiwọn tuntun jáde. Blue & Lonesome ti 2016 tó wà láàárín, orin blues, irú orin tí àwọn adúláwọ̀ Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, ti àwọn ẹlòmíì ni wọ́n tún kọ níbẹ̀. Nígbà tí Hackney Diamonds wá jáde lọ́jọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2023, Mick ti pé 80, Keith ń lọ sí 80, Ronnie jẹ́ 76. Àwo náà gba ipò kìíní nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì gba Grammy àwo róòkì tó dáa jù lọ́dún lóṣù Kejì 2025. Mo sọ ìyẹn kẹ́ ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe èmi nìkan ló dùn mọ́, àmọ́ àmì ẹ̀yẹ ò lè báyìn gbọ́ orin o, etí yín ló máa gbọ́ ọ.

Ìmúra ò pọ̀. Ìṣẹ́jú 48 ni gbogbo ẹ̀, orin 12, ẹ wá àyè tí ẹnikẹ́ni ò ní dá yín dúró. Ẹ pa shuffle lórí fóònù yín, ẹ jọ̀ọ́, ohun tó ń ba àwo jẹ́ mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́wọ́ nìyẹn, tí áàpù á máa fo orin bó ṣe wù ú. Kẹ́ ẹ sì fi íápíìsì sí etí méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ àwo yìí, sípíkà kékeré tó wà nídìí fóònù ni mo fi gbọ́ ọ, mo kàn ń ṣe iṣẹ́ mìíràn lọ, nígbà tó parí mo sọ lọ́kàn mi pé àwọn àgbààgbà yìí gbìyànjú ṣá, mo sì gbé fóònù sílẹ̀. Ó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó tún un gbọ́ pẹ̀lú íápíìsì gidi, ojú tì mí sí ara mi, torí gbogbo ohun tí mo ń sọ fún yín báyìí, kò sí ìkankan nínú ẹ̀ tí sípíkà yẹn gbé jáde. Béèsì ò sí níbẹ̀ rárá. Gìtá méjì ti di ẹyọ kan. Tó bá jẹ́ pé ẹ ti fi nǹkan kan kún béèsì nínú sẹ́tíǹgì fóònù yín, ẹ yọ ọ́ kúrò, kẹ́ ẹ sì dín fólúùmù kù díẹ̀ sí bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, torí wọ́n ti gbé ohùn àwo yìí sókè ganan láti sítúdíò, ó máa ń rẹ etí tó bá pẹ́. Ìyẹn gan-an lẹ̀sùn tí mo fi kan àwo náà, màá padà sórí ẹ̀. Tí ọmọdé bá wà nítòsí, ẹ mọ̀ pé èébú wà nínú orin kẹrin, ẹ má tan án sórí sípíkà ilé.

Orúkọ àwo náà tún ṣe pàtàkì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Hackney jẹ́ àdúgbò kan ní ìlà oòrùn London. Táwọn olè bá fọ́ gíláàsì mọ́tò lóru ọjọ́ Sátidé níbẹ̀, tí gíláàsì fọ́ wẹ́wẹ́ sórí títì tó wá ń dán bíi dáyámọ́ǹdì lábẹ́ iná, ohun tí wọ́n ń fi ẹ̀fẹ̀ pè é ni Hackney diamonds. Lóṣù Kẹjọ 2023, kẹ́nikẹ́ni tó gbọ́ nǹkankan nípa àwo yìí, ìpolówó kan jáde nínú ìwé ìròyìn àdúgbò yẹn, Hackney Gazette, bíi pé iṣẹ́ àwọn tó ń tún gíláàsì ṣe ni, àmọ́ orúkọ àwọn orin Rolling Stones àtijọ́ ni wọ́n fọ́n sínú ọ̀rọ̀ ìpolówó náà. Àwọn tó mọ̀ wọ́n lójú ti rí i kíá. Ẹ fi gíláàsì fífọ́ yẹn sọ́kàn, ó ń bọ̀ nínú orin karùn-ún.

Ó yá, orin keje, Mess It Up. Charlie Watts ló ń lu ìlù níbí. Ó kú lọ́jọ́ 24 oṣù Kẹjọ 2021, ẹni ọdún 80, wọ́n ti gba ohùn ìlù ẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ. Ẹ má tíì tẹ́tí sí Mick rárá. Ẹ máa ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, kẹ́ ẹ sì máa wá ìlù kékeré tó máa ń wà láàárín orúnkún onílù, snare ni wọ́n ń pè é, orí èjì àti ẹ̀rin ló máa ń bọ́ sí, gbà, gbà. Ṣé ẹ gbọ́ ọ? Ẹ wá wá hi-hat, àwọn páànù idẹ méjì tó dojú kọra wọn, tí ẹsẹ̀ máa ń pa dé tí ọ̀pá sì ń lù láti òkè, ṣí-ṣí-ṣí-ṣí. Onílù tó pọ̀ jù lọ máa ń lu hi-hat yẹn lọ gbuurugbu láìdánu dúró, tí snare bá dé, àwọn méjèèjì á jọ dún pọ̀. Charlie kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wá fídíò èyíkéyìí tó ti ń lu ìlù pẹ̀lú wọn, kẹ́ ẹ wo ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ nìkan: bó bá ti kù díẹ̀ kó lu snare, ọwọ́ ọ̀tún yẹn á gbéra kúrò lórí hi-hat, á dúró sófuurufú, snare á dún lóun nìkan, ọwọ́ á wá padà. Ṣí-ṣí-gbà-ṣí, ṣí-ṣí-gbà-ṣí. Àyè kékeré yẹn, bí ìgbà téèyàn ń mí sínú kó tó sọ̀rọ̀, òun ló ń jẹ́ kí orin wọn máa fì síwá fì sẹ́yìn, kò ní dúró gbagidi bí ẹ̀rọ. Tẹ́ ẹ bá ti fojú rí i lẹ́ẹ̀kan, etí yín á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ níbi púpọ̀ nínú orin wọn láti àádọ́ta ọdún wá, mo fọwọ́ sọ̀yà.

Orin yẹn fúnra ẹ̀, ijó ni. Mick ń fi ẹjọ́ sun nípa olólùfẹ́ tó kó kọ́kọ́rọ́, tó gbé fóònù, tó tún ń fi fọ́tò ẹ̀ han àwọn ọ̀rẹ́, ẹni tó fẹ́ẹ̀ pé 80 ló ń kọ ọ́ o, ohùn ẹ̀ sì le bí ti ọmọ 30, ó tiẹ̀ fi ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ òkè kọ apá kan nínú ẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ tán lẹ́ẹ̀kan fún ìlù, kẹ́ ẹ tún un gbọ́ fún Mick.

Ìkẹjọ ni Live by the Sword. Ẹ máa mọ ibi tí orúkọ yẹn ti wá, ọ̀rọ̀ Jésù nínú ìwé Mátíù ni, pé ẹni tó bá mú idà, idà náà ni yóò pa á. Charlie náà ló lu ìlù níbí, ẹni tó wà nídìí béèsì gìtá sì ni Bill Wyman, tó ti fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ láti 1993. Ọgbọ̀n ọdún! Wọ́n pè é padà wá nítorí Charlie, kí àwọn méjì tó jọ ń gbé orin náà dúró láyé àtijọ́ lè jọ wà lórí orin kan lẹ́ẹ̀kan sí i. Elton John ló ń tẹ piano, kì í sì í ṣe bí Elton tẹ́ ẹ mọ̀, kò kọrin rárá, ó kàn ń lù ú lọ bíi pé ilé ọtí kan ni wọ́n gbé e sí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe níbí ni kẹ́ ẹ so etí yín mọ́ béèsì Bill, ohùn ìsàlẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ máa wò ó bóun àti ìlù ńlá tí Charlie ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ṣe ń rìn. Wọn kì í fi gbogbo ìgbà bọ́ sí ibì kan náà géérégé. Wọ́n mọ ara wọn débi pé ẹnì kan lè fà sẹ́yìn díẹ̀ kí èkejì mọ̀ pé ó ń bọ̀. Mo gbọ́ orin yìí tó ìgbà mẹ́wàá lóru ọjọ́ kan, mi ò purọ́, mo ń tún un tẹ̀ ṣáá ni.

Nísinsìnyí kẹ́ ẹ wá padà sókè, sí orin àkọ́kọ́, Angry. Lójú ẹsẹ̀ lẹ máa mọ̀ pé ọwọ́ ti yí padà. Steve Jordan nìyẹn, ará Amẹ́ríkà, òun àti Keith ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ìparí àwọn ọdún 1980 nínú ẹgbẹ́ tí Keith dá sílẹ̀ lọ́tọ̀, X-Pensive Winos. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbé àlejò sórí ìjókòó òkú o. Nígbà tí ara Charlie ò yá ní 2021 tí kò lè tẹ̀ lé wọn lọ sí Amẹ́ríkà, Steve ni wọ́n fi dípò ẹ̀, Charlie sì fọwọ́ sí i fúnra ẹ̀. Lílù Steve wúwo ju ti Charlie lọ, ó ń kan ìlù mọ́lẹ̀ ni, ó dúró ṣinṣin, kò sí ìmísínú yẹn. Kì í ṣe àléébù, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Òun ni ó jẹ́ kí Angry lè fò jáde láti inú sípíkà bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹ gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú Angry, ẹ sáré padà sí ìṣẹ́jú kan nínú Mess It Up, ẹ tún padà. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tí kò gbọ́ róòkì rí láyé ẹ̀ á gbọ́ ìyàtọ̀ náà, torí àwa tí a dàgbà nídìí ìlù, tá a mọ̀ pé ìlù ń sọ̀rọ̀, ó yẹ kí etí wa tètè mú un ju tẹlòmíì lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn ẹ lè wá jẹ́ kó máa lọ láti ibẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun kejì tẹ́ ẹ máa tẹ́tí sí ni gìtá, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń sọnù nìyí torí ó pọ̀. Keith kì í fi okùn mẹ́fà tí gìtá ní ta ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin wọn, ó máa ń yọ okùn tó nípọn jù kúrò, á ku márùn-ún, á wá yí ohùn wọn débi pé tó bá kàn fọwọ́ gbà wọ́n láìdi ìkankan mú, ohùn tó bára mu ló máa jáde. Ìdí nìyẹn tí gìtá ẹ̀ fi máa ń dún bí agogo tó là, tí kì í nípọn jù. Ronnie á wá máa hun tiẹ̀ mọ́ ti Keith, wọ́n tiẹ̀ ń pè é ní híhun lóòótọ́, bí aṣọ. Kò sí ọ̀gá kò sí ọmọ iṣẹ́ níbẹ̀, ẹni tó ń lé lè di ẹni tó ń gbè kẹ́ ẹ tó mọ̀. Ẹ yọ íápíìsì apá kan kúrò létí kẹ́ ẹ gbọ́ ìdajì Driving Me Too Hard, orin kẹsàn-án, ẹ wá yọ tapá kejì kẹ́ ẹ tún ibi kan náà gbọ́. Ẹ máa rí i pé orin méjì tó yàtọ̀ síra ni. Ẹ wá fi méjèèjì sétí. Keith fúnra ẹ̀ ti sọ ní gbangba pé àrùn oríkèé wà lọ́wọ́ òun, pé ó ti yí bóun ṣe ń ta gìtá padà, kì í ta á lọ kíákíá mọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ bó ṣe ń mú ibi tó yẹ kó ta àti ibi tó yẹ kó dákẹ́. Ọgbọ́n àgbà ló kù tó sì tó o.

Ti àwọn àlejò, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, òun ni gbogbo ayé ń pariwo nígbà tí àwo yìí jáde, tí àwọn èèyàn fi ń kọjá lọ sórí orúkọ ńláńlá. Elton tún wà nínú Get Close, orin kejì, kò fi bẹ́ẹ̀ yọrí níbẹ̀, saxophone ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ dúró dè. Paul McCartney ló wà nídìí béèsì nínú orin kẹrin, Bite My Head Off, èyí sì ní ìtàn, torí lọ́dún 1963 òun àti John Lennon, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ Beatles, ló fún àwọn Stones ní orin kan tí wọ́n fi ṣe àwo kékeré wọn kejì, I Wanna Be Your Man, tó jẹ́ pé gbogbo èèyàn ń sọ nígbà yẹn pé ọ̀tá ni Beatles àti Stones. Ọgọ́ta ọdún lẹ́yìn náà ló wá wọ sítúdíò wọn wá ta béèsì. Ìbínú lorin yẹn, ó yára, ó ń jóná, tó bá tó ààrin ẹ̀ Mick á pe Paul lórúkọ, béèsì á wá bú jáde pẹ̀lú ohùn tó há bí ìgbà tí wọ́n ń ya páànù. Ẹni ọdún 80 ló ń ta á. Ẹ gbọ́ ibẹ̀ dáadáa, ó kéré, kò tó ìṣẹ́jú kan, ó máa kọjá kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Depending on You dáa, orin ẹni tí wọ́n fi sílẹ̀ ni, ẹ jẹ́ kó kọjá lọ, ẹ máa padà sí i fúnra yín lọ́jọ́ tí inú yín ò bá dùn. Whole Wide World, orin karùn-ún, ibẹ̀ ni gíláàsì yẹn ti padà wá, Mick ń rántí títì tó máa ń rìn ní London tó kún fún gíláàsì fífọ́, pẹ̀lú yàrá ẹlẹ́gbin kan ní Fulham, àdúgbò kan ní London, tó gbé nígbà tí kò tíì lówó. Ó wá ń sọ fún ẹni tí gbogbo ayé dojú kọ pé kó má bọ́hùn. Ohùn tó fi kọ ọ́, ẹ gbọ́ bó ṣe ń fa ọ̀rọ̀ ya bíi ọmọ títì London, ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Dreamy Skies ló tẹ̀ lé e, ara á tù yín níbẹ̀, orin ìgbèríko ni, ọkùnrin kan tó fẹ́ lọ jìnnà síbi tí fóònù ò dé, tó jẹ́ rédíò àtijọ́ kan ṣoṣo ló ní tó ń gbé Hank Williams, olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà àtijọ́, sáfẹ́fẹ́. Irin ni Ronnie ń fi yọ̀ lórí okùn gìtá níbẹ̀, ohùn yẹn máa ń dà bí ẹni tó ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́.

Ẹ̀sùn tí mo ní kí n padà sórí ẹ̀ nìyí. Ẹni tó ṣe pùròdúsà àwo náà, ìyẹn ẹni tó darí bí wọ́n ṣe gbà á sílẹ̀, ni Andrew Watt, ọmọ tí wọ́n bí ní 1990, àwọn yìí ti lókìkí fún ohun tó lé ní ọdún 25 kí wọ́n tó bí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ lórí ohun kan: wọ́n ti ń fi iṣẹ́ yìí falẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, òun ló wọ àárín wọn tó jẹ́ kí wọ́n yára, àdéhùn tí wọ́n bára wọn ṣe ni pé ká bẹ̀rẹ̀ nígbà Kérésìmesì 2022 ká parí ní ọjọ́ Àyájọ́ Ìfẹ́ 2023, wọ́n sì sún mọ́ ọn dáadáa. Ó tún wà lára àwọn tó kọ orin mẹ́ta àkọ́kọ́. Àmọ́ ọwọ́ ẹ̀ máa ń le lórí ohùn. Ó ti gbogbo nǹkan síwájú pọ̀, ìlù wà níwájú, gìtá wà níwájú, ohùn Mick wà níwájú, ibi tó yẹ kó rọra lọ kò rọra tó. Àwọn orin Stones àtijọ́, ó dà bíi pé èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá tí wọ́n ti ń ṣeré, èyí dà bíi pé wọ́n fi ìmú kan tiyín. Ìdí tí mo fi ní kẹ́ ẹ dín fólúùmù kù nìyẹn. Tẹ́ ẹ bá dín in kù, ẹ ó rí i pé àwọn nǹkan kéékèèké tó fara pamọ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, bíi ọwọ́ Keith tó ń fara kan okùn láìta á.

Orin kẹwàá, Tell Me Straight, Keith ló kọ ọ́ fúnra ẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń fo orin tí Keith bá kọ, ẹ má fò ó o, mo bẹ̀ yín. Ohùn ẹ̀ ti gbó, ó há, ó ń wárìrì níbì kan, ó wá ń béèrè bóyá gbogbo ohun tó ń bọ̀ níwájú ti di ohun tó ti kọjá. Ẹni tó fẹ́ẹ̀ pé 80 tó ń béèrè ìyẹn, tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ onílù ti lọ, kò nílò kó ṣe ohùn dídùn mọ́. Ẹ dákẹ́ gbọ́ ọ.

Ẹ wá múra sílẹ̀ fún ìkọkànlá, torí Sweet Sounds of Heaven gùn, ó ju ìṣẹ́jú méje lọ, tẹ́ ẹ bá ní nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ lọ ṣe, ẹ lọ ṣe é kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Mick ló ń kọ ọ́ pẹ̀lú Lady Gaga, Stevie Wonder wà nídìí piano àti kíbọ́ọ̀dù. Stevie kì í ṣe àlejò lọ́dọ̀ wọn, ọdún 1972 ló ti ń ṣíjú agbo fún wọn nígbà tí wọ́n ń yíká Amẹ́ríkà. Orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ẹni tó bá ti jókòó níbi ìsìn rí á mọ̀ ọ́n. Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́, piano àti ohùn, ìlù Steve wọlé lẹ́yìn, fèrè wọlé, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe retí Gaga kó wá gba orin náà lọ́wọ́ Mick lójú ẹsẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn Mick ló wà, ó ń gbè é. Á wá débì kan tí ó máa parí. Ohun gbogbo á rọlẹ̀, ẹ̀yin náà á rò pé ó ti tán. Ẹ má fọwọ́ kan fóònù! Stevie á ṣì máa fọwọ́ pa piano díẹ̀díẹ̀, ẹ ó gbọ́ Gaga tó ń kùn bí ẹni tí ẹ̀mí ò tíì kúrò lára ẹ̀, Mick á dá a lóhùn, Gaga á fi kún un, Mick á fi kún un, kẹ́ ẹ tó mọ̀ ìlù ti padà, wọ́n ti tún gbé e dé òkè ju ibi tí wọ́n fi í sílẹ̀ sí lọ. Ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an, ẹ tún un gbọ́ nígbà kejì kẹ́ ẹ máa wo ẹni tó kọ́kọ́ mọ̀ pé kò tíì tán. Lójú tèmi Gaga ni. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé Stevie ni, a ti jiyàn lórí ẹ̀ tó.

Ó wá ku èyí tó kẹ́yìn, Rolling Stone Blues. Ìlù ò sí. Béèsì ò sí. Mick àti Keith nìkan, gìtá, hàmóníkà àti ohùn. Lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, ó máa dà bíi pé wọ́n paná ilé tí wọ́n tan àtùpà kan ṣoṣo. Níbí ẹ lè gbé fólúùmù sókè padà, torí kò sí ohun tó ń ti etí yín.

Kí orin yìí tó lè wọ̀ yín lára, ìtàn kékeré kan wà tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀. Lọ́jọ́ kan lóṣù Kẹwàá 1961, ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin Dartford, Keith rí ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti jọ lọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí, ó kó àwo orin sábẹ́ apá. Mick ni. Àwọn àwo tó kó dání, ti Chuck Berry àti ti Muddy Waters ni, àwọn ọmọ adúláwọ̀ Amẹ́ríkà tí agbára káká lèèyàn fi lè rí àwo wọn rà ní England nígbà yẹn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nípa àwo yẹn nínú ọkọ̀, wọn ò sì tíì dákẹ́. Nígbà tó di ọdún kejì tí wọ́n fẹ́ ṣeré àkọ́kọ́ tí wọ́n sì bi wọ́n léèrè orúkọ ẹgbẹ́ wọn, Brian Jones tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ò ní orúkọ kankan lọ́kàn, orin kan, Rollin' Stone, lára àwo Muddy Waters tó wà níwájú ẹ̀ ló mú. Muddy ti kọ orin yẹn sílẹ̀ ní 1950, òun nìkan pẹ̀lú gìtá ẹ̀. Orin yẹn gan-an ni èyí. Láti 1962 tí wọ́n ti ń jẹ́ orúkọ ẹ̀, orí àwo yìí ni wọ́n tó wá kọ ọ́ sínú àwo sítúdíò tiwọn.

Torí náà ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ gbọ́ ọ tán, kẹ́ ẹ wá ti Muddy Waters ti 1950 tẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ṣòro rí. Ẹ gbọ́ bí Muddy ṣe máa ń jẹ́ kí gìtá parí gbólóhùn tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ padà sí ti Mick àti Keith, kẹ́ ẹ wo bí hàmóníkà Mick ṣe ń parí gbólóhùn tí gìtá Keith bẹ̀rẹ̀. Fólúùmù ti wà lókè, ẹ máa gbọ́ ọ bí Mick ṣe ń mí, tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú kó tó fẹ́ ẹ sí hàmóníkà, tí Keith ń dúró dè é.